Mo fẹ́ fi oògùn dìpírẹ́ṣọ̀n sílẹ̀, kí ni kí n sọ fún dọ́kítà?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Tíṣà ni mí ní Àkúrẹ́ níbí, apá Ìjọ́kà ni mò ń gbé. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń lo sertraline 50mg lójoojúmọ́, ìgbà tí mo bí ọmọ mi kejì ló bẹ̀rẹ̀, mi ò rí oorun sùn, mo kàn ń sunkún ṣáá, wọ́n ní dìpírẹ́ṣọ̀n ni. Ara mi ti yá, ó ti pẹ́ tó ti yá. Lóṣù tó kọjá mo kàn fi oògùn náà sílẹ̀ láìsọ fẹ́nì kankan, kó tó di ọjọ́ kẹrin òòyì ti ń kọ́ mi, tí mo bá yí ojú báyìí nǹkan kan á ta mí lórí bí ìgbà tí iná NEPA bá gbéèyàn, mo wá ń kanra mọ́ àwọn ọmọ. Mo sáré padà sídìí ẹ̀. Ọkọ mi ní oògùn ti sọ mí di ẹrú, màmá mi ní kí n kó gbogbo ẹ̀ dànù kí n dojú kọ àdúrà. Mo fẹ́ lọ bá dọ́kítà àmọ́ ó máa ń kánjú, tó bá sì gbọ́ pé mo dá a dúró fúnra mi ó lè pariwo mọ́ mi. Ṣé kí n má sọ ìyẹn ni? Kí ni kí n sọ? Ìyá Dára.

Ìdáhùn: Ìyá Dára, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì ṣeun tẹ́ ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Apoògùn ni mí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fún àwọn èèyàn lóògùn báyìí nílùú yìí, ìbéèrè yín kì í ṣe tuntun sí mi rárá.

Ẹ sọ ọ́ fún un. Òun gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ. Ọjọ́ mẹ́rin tẹ́ ẹ fẹ́ fi pa mọ́ yẹn ló wúlò jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa gbé lọ bá dọ́kítà, torí kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n lè ṣe tó máa sọ fún wọn bí ara èèyàn ṣe máa ṣe tí wọ́n bá ń dín oògùn yìí kù, ẹ̀yin sì ti ṣe àyẹ̀wò náà láìmọ̀. Ẹ ti mọ̀ pé ara yín ò fẹ́ kí wọ́n já a gbà lójijì. Dọ́kítà tí ò mọ̀yẹn lè wo 50mg kó ní ìwọ̀n kékeré náà ni, kó ní kẹ́ ẹ lo ìdajì fọ́sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ sì jáwọ́, àwọn míì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọn ò ní rí nǹkan kan, àmọ́ ẹ̀yin lè tún bọ́ sínú òòyì yẹn, kẹ́ ẹ wá gbà lọ́kàn yín pé ẹ ò lè jáwọ́ láéláé. Ìyẹn ló máa ń dùn mí jù lọ́rọ̀ yìí, kéèyàn tó lè fi oògùn sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ máa lò ó lọ ṣáá torí pé ó já a lójijì lẹ́ẹ̀kan tí ojú ẹ̀ sì rí màbo. Tí dọ́kítà bá pariwo, ẹ jẹ́ kó pariwo, ìṣẹ́jú kan ni, lẹ́yìn náà á kọ ọ́ sínú fáìlì, ohun tá a sì ń fẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tọ́kọ yín sọ, mo mọ ibi tó ti wá. Ó rí i pé ẹ fi oògùn sílẹ̀, ara yín ò gbà, ẹ̀rù bà á. Àmọ́ ẹni tí oògùn ti di bárakú fún, ṣe lá máa fẹ́ kún un, á máa wá a kiri, á máa purọ́ torí ẹ̀. Ẹ̀yin ń lo 50mg kan náà láti ohun tó lé lọ́dún méjì, ẹ ò ronú àtilo méjì rí. Ohun tí sertraline ń ṣe ni pé ó máa ń dí ẹnu ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń fa serotonin, èròjà kan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, padà sínú, nígbà tó bá ti ṣe díẹ̀ ọpọlọ á tún ara ẹ̀ tò láti bá oògùn náà gbé, tẹ́ ẹ bá wá mú un kúrò lọ́sàn-án kan òru kan, ọpọlọ ò tíì ráyè tún ara ẹ̀ tò padà. Òòyì yẹn, iná tó ń ta yín lórí yẹn, ìkanra yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Sertraline kì í sì í pẹ́ lára, láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan ìdajì ẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kó tó di ọjọ́ kẹrin ó ti dé. Àwọn oògùn dìpírẹ́ṣọ̀n míì yàtọ̀: ẹni tó ń lo fluoxetine lè má rí nǹkan kan fọ́sẹ̀ kan sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí òun máa ń pẹ́ lára gan-an, ẹni tó ń lo paroxetine tàbí venlafaxine sì rèé, tó bá gbàgbé ọjọ́ kan péré ó lè ti máa mọ̀ ọ́n lára.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí ni pé ìgbà tírú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ẹni náà á ní àìsàn ti padà dé, ará ilé á ní àìsàn ti padà dé, nígbà míì dọ́kítà gan-an á ní àìsàn ti padà dé. Nǹkan tó ń fìyàtọ̀ sí wọn ni ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti irú ẹ̀. Èyí tó wá látinú jíjá oògùn máa ń tètè dé, láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì máa ń mú àwọn nǹkan tí ò sí nínú dìpírẹ́ṣọ̀n yín tẹ́lẹ̀ dání: òòyì, iná orí, inú rírìn, òógùn òru, àlá kantankàntan. Tẹ́ ẹ bá padà lo oògùn, ó máa ń rọlẹ̀ kíá, bó ṣe ṣe yín náà. Àìsàn tó fẹ́ padà wá kì í sáábà kánjú, ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù ló máa ń gbà, á máa yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, ojú kan náà tó gbé wá nígbà àkọ́kọ́ ló sì máa ń gbé wá, àìrí oorun sùn, ẹkún, kí nǹkan má wuni mọ́. Ẹ sọ bó ṣe rí yìí gan-an fún un, àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tó lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ padà lò ó.

Ẹ jẹ́ n sọ nọ́ńbà méjì fún yín, kí ẹnì kankan má bàa fi ẹ̀rù tàbí ìtànjẹ darí yín. Lọ́dún 2024 àwọn kan kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tó ń jẹ́ Lancet Psychiatry, wọ́n rí i pé nínú 100 èèyàn tó fi irú oògùn báyìí sílẹ̀, nǹkan bí 31 ló rí nǹkan kan lára wọn, àmọ́ nínú 100 tó jẹ́ pé oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú ni wọ́n ń lò láìmọ̀, 17 náà sọ pé àwọn rí nǹkan, torí náà nǹkan bí 15 ló jẹ́ pé oògùn gan-an ló fà á, èyí tó le gan-an sì jẹ́ nǹkan bíi 3. Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe àjèjì, kì í sì í ṣe pé àìsàn míì ló mú yín. Nọ́ńbà kejì ò dùn tó ìyẹn. Lọ́dún 2021 wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní England, àwọn 478 tó ti ń lo oògùn yìí tipẹ́ tí ara wọn yá tí wọ́n sì ń ronú àtifi sílẹ̀, wọ́n ní káwọn kan máa lò ó lọ, wọ́n dín ti àwọn tó kù kù títí wọ́n fi jáwọ́. Kí ọdún kan tó pé, àìsàn padà sára 56 nínú 100 àwọn tó jáwọ́, àmọ́ ó padà sára 39 nínú 100 àwọn tó ń lò ó lọ náà. Ìyẹn ni pé oògùn ń dáàbò boni, kò sì dáàbò bo gbogbo èèyàn, ọ̀pọ̀ ló sì fi í sílẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ẹ bi dọ́kítà léèrè pé apá ibo lòún rò pé ẹ máa bọ́ sí, kí ló sì fi mọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣe yín láyé yín, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ sí ti ẹni tó ti ṣe lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó yá, ọ̀rọ̀ kíkánjú dọ́kítà. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, ẹ ti wà níbẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ẹ gba káàdì, nọ́ọ̀sì wo BP, ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn á fi wọ àárín ilé, ìgbà tó máa fi kàn yín dọ́kítà ti rí èèyàn tó pọ̀, bẹ́ ẹ ṣe ń fa àga ni ó ti ń kọ nǹkan sínú fáìlì. Ó sì lè má jẹ́ ẹni tó rí yín nígbà tó kọjá, wọ́n ń pààrọ̀ wọn, àwọn míì ti lọ ìlú òyìnbó. Mi ò bá wọn wí, èrò ló pọ̀. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ pé kéèyàn kọ ọ́ sínú ìwé, ojú ìwé kan, kó fi lé e lọ́wọ́ tàbí kó kà á jáde. Tíṣà lẹ̀yin, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan tó yéni.

Orúkọ oògùn kọ́ ni orúkọ tó fẹ̀ lójú páálí o. Ẹ yí páálí náà padà, ẹ wá ibi tí wọ́n ti fi lẹ́tà kékeré kọ sertraline àti 50mg, ẹ yà á ní fóònù. Mo ń sọ èyí torí pé látìgbà tí owó oògùn ti gbówó lórí, ohun tí fámásì bá rí ni wọ́n ń tà, lóṣù yìí páálí aláwọ̀ búlúù, lóṣù tó ń bọ̀ funfun, ẹlòmíì á lọ sọ fún dọ́kítà pé oògùn mẹ́ta lòún ti lò nígbà tó jẹ́ oògùn kan náà ni. Ẹ kọ ìgbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, aago tẹ́ ẹ máa ń lò ó. Lẹ́yìn náà ẹ kọ bí àìsàn yẹn ṣe kọ́kọ́ fara hàn, kí ló kọ́kọ́ yí padà lára yín kí ẹkún tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé oúnjẹ ni, ṣé ìpè fóònù lẹ ò fẹ́ gbé mọ́, ṣé aṣọ àwọn ọmọ ló ń kóra jọ tẹ́ ẹ kàn ń wò ó? Ẹ bi ọkọ yín, á rántí ohun tẹ́ ẹ ti gbàgbé. Ohun tó bá sọ yẹn ni gbogbo yín máa fi ṣọ́ ọ tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín oògùn kù.

Kẹ́ ẹ wá kọ ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ jáwọ́, òdodo ẹ̀. Ara mi ti yá, ìdí tó dáa nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ owó ni, ẹ sọ pé owó ni, ó lè jẹ́ pé èyí tó dínwó wà, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa fi ara yín wewu torí ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ yàrá ni, ẹ sọ ọ́, àwọn oògùn yìí máa ń dín ìfẹ́ ìbálòpọ̀ kù, kì í jẹ́ kó dùn mọ́ni, àwọn obìnrin wa kì í sọ ọ́ fún dọ́kítà, wọ́n á kàn dákẹ́ wọ́n á ju oògùn nù, ọ̀nà sì wà tí wọ́n lè fi tún un ṣe. Tó bá jẹ́ pé ẹ tún fẹ́ bímọ, ẹ jọ̀ọ́, ìsinsìnyí ni kẹ́ ẹ sọ ọ́, ẹ má dúró dìgbà tí oyún bá ti dé kẹ́ ẹ tó wá fi ìbẹ̀rù já oògùn lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yin tó ti ṣe lẹ́yìn ìbímọ rí, ó lè tún ṣe yín lẹ́yìn òmíì, sertraline sì wà lára èyí táwọn dọ́kítà sábà máa ń yàn fún aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, torí náà ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n máa sọ ni pé kẹ́ ẹ ṣì máa lò ó, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n á ní kẹ́ ẹ tètè fi sílẹ̀ kó tó di pé ẹ lóyún. Ẹ jọ máa pinnu ẹ̀ ni.

Gbogbo nǹkan míì tẹ́ ẹ ń lò, ẹ kọ ọ́, àgbo náà. Tramadol àti sertraline ò bára wọn rẹ́, wọ́n lè fa gìrì. Diclofenac àti ibuprofen tẹ́ ẹ máa ń lò fún ẹ̀yìn tó ń dunni, tí wọ́n bá pàdé sertraline wọ́n lè jẹ́ kí inú máa ṣẹ̀jẹ̀. Tí ẹnì kan bá ti fún yín ní Lexotan tàbí diazepam fún oorun rí tẹ́ ẹ ṣì ń lò ó, èyí le ju gbogbo wọn lọ, ẹ má já ìyẹn lójijì rárá, gìrì ló máa ń fà, ẹ má sì dín òun àti sertraline kù pa pọ̀. Ẹ tún sọ fún un tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí, tàbí sí ẹnì kan nínú ìdílé yín, pé èèyàn ò sùn fọ́jọ́ mélòó kan tí kò sì rẹ̀ ẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ ṣáá, tó ń náwó bí ẹni tí nǹkan ń lé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ètò tiẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ béèrè fún ètò, ẹ má kàn béèrè pé ṣé kí n jáwọ́. Èyí tí mo fẹ́ kó yé yín dáadáa rèé. Lọ́dún 2019 àwọn oníwádìí kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi citalopram ṣàlàyé ẹ̀, mọ̀lẹ́bí sertraline ni. 20mg máa ń dí nǹkan bí 80 nínú 100 ẹnu ọ̀nà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Tí wọ́n bá dín in kù dé nǹkan bíi 9mg, ó ṣì ń dí bíi 70. Ẹ wò ó, 11mg ti lọ, 10 péré ló ṣí sílẹ̀. Àmọ́ tó bá ku 2.3mg, ó ṣì ń dí bíi 40, ìyẹn ni pé ẹni tó bá ju ìyókù yẹn nù lọ́jọ́ kan ti já bọ́ láti 40 sí òdo. Ká ní àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè jẹ́ pé àwọn tòkè kúrú, tìsàlẹ̀ ló ga jù, ẹ ò ní fi ìrìn kan náà sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn yìí rí, àwọn tó ń sọ pé àtidín in kù ò le, ìdajì àkọ́kọ́ ni wọ́n ń sọ. Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde lọ́dún 2022 náà bá a mu: kí wọ́n máa gé e kúrò lára èyí tẹ́ ẹ ń lò lọ́wọ́, ìdajì tàbí ìdá mẹ́rin, kí ohun tí wọ́n ń gé máa kéré sí i bẹ́ ẹ ṣe ń sún mọ́ òdo, kẹ́ ẹ má sì gbẹ́sẹ̀ kejì títí ara á fi balẹ̀ látorí tàkọ́kọ́. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù. Kò sẹ́ni tó ń lé yín.

Wàhálà wa níbí ni pé sertraline olómi ò rọrùn rí. Hóró 50mg tó nílà láàárín ṣeé dá sí méjì, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gé oògùn wà ní fámásì tó lè gé e sí mẹ́rin, èyí tó bá kéré ju ìyẹn lọ, ẹ bi dọ́kítà àti apoògùn ọsibítù bóyá wọ́n lè bá yín pò ó. Ẹ má gun oògùn kankan lódó láìbéèrè, àwọn kan wà tí wọ́n ṣe kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, tẹ́ ẹ bá fọ́ ọ gbogbo ẹ̀ á wọlé lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́nì kan bá sì ní kẹ́ ẹ lo tòní kẹ́ ẹ fo tọ̀la, ẹ rántí pé ìdajì sertraline ń lọ lọ́jọ́ kan, ṣe ni ara yín á máa gòkè máa sọ̀kalẹ̀ lójoojúmọ́. Kó dín ìwọ̀n kù, kẹ́ ẹ máa lò ó lójoojúmọ́, ìyẹn ló dáa.

Ìgbà tẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀ náà, ẹ bá dọ́kítà sọ ọ́. Mi ò ní fọwọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìdánwò tẹ́ ẹ ń máàkì ìwé dòru, tàbí ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ ń kó kúrò nílé, tàbí àsìkò ìsìnkú. Tẹ́ ẹ bá máa ń gbààwẹ̀, ẹ sọ ọ́ kẹ́ ẹ jọ wá aago tí oògùn á bọ́ sí, torí ọ̀pọ̀ ló ń já oògùn lásìkò ààwẹ̀ láìmọ̀ pé òun náà ni wọ́n ń ṣe.

Tí dọ́kítà bá ní ẹ ò tíì lè jáwọ́, ẹ má bínú, ẹ kàn ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀, ìgbà wo la tún máa sọ ọ́? Ìlànà tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé jáde lọ́dún 2016 ní kí wọ́n máa lò ó lọ fún oṣù 9 sí 12 lẹ́yìn tí ara bá ti yá, ẹ jọ kà á bóyá ó ti pé. Tó bá kàn ní ó yá, ẹ jáwọ́, tí kò ṣàlàyé, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìwọ̀n àti ọ̀sẹ̀. Tí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ni pé kẹ́ ẹ ní kó kọ lẹ́tà fún yín lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà ọpọlọ, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti UNIMED wà ní Àkúrẹ́ ó sì wà ní Oǹdó, FMC, ọsibítù ìjọba àpapọ̀, wà ní Ọ̀wọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu èèyàn dí yín lọ́wọ́ níbẹ̀.

Màmá yín ńkọ́, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ ní kí wọ́n máa gbàdúrà pé kí ara yín gba ìdínkù náà, àdúrà tó bá oògùn rìn ni. Ọkọ yín ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà, kó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, torí òun ló máa kọ́kọ́ rí i tí nǹkan bá fẹ́ yí padà. Ẹ sọ fún un níwájú dọ́kítà ohun tó máa ṣe: tẹ́ ẹ bá ń sọ pé ayé sú yín, tẹ́ ẹ bá ń ronú ikú, tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ohùn, tẹ́ ẹ ò bá sùn rárá fọ́jọ́ mélòó kan, kó má dúró de ọjọ́ ìpàdé, kó gbé yín lọ sí ẹmẹ́jẹ́ńsì lọ́jọ́ náà, kó má fi ẹ̀yin nìkan sílẹ̀, kó sì kó oògùn inú ilé kúrò nítòsí.

Títí dọjọ́ tẹ́ ẹ máa rí dọ́kítà, ẹ máa lo 50mg yín bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó. Tó bá fẹ́ tán, ẹ lọ rà á kó tó tán. Tẹ́ ẹ bá wọlé tọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tó jókòó dáadáa, ẹ ní: "Dọ́kítà, ara mi ti yá, mo fẹ́ fi sertraline sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo dá a dúró fúnra mi lóṣù tó kọjá, ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé, mo ti kọ ọ́ síbí." Kẹ́ ẹ tó dìde, kẹ́ ẹ rí i pé ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa lò, ọ̀sẹ̀ mélòó tẹ́ ẹ máa lò ó, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà wá ti wà nínú ìwé yẹn, kó jẹ́ dọ́kítà ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́.